Kápà Tí Natércia Rán

Wàràkàsì ni Adérito kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó ni ín. Ọ̀sán Fúráìdé kan ni, nínú oṣù kẹsàn-án, òjò ń ṣẹ́ winniwinni, ó ń gun àtẹ̀gùn Quebra-Costas bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni nǹkan roboto kan bá ń yí bọ̀ láti òkè, tó ń fò láti orí ìpele kan bọ́ sórí èkejì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó bọ́ kápà dúdú tó wà léjìká rẹ̀, aṣọ ìbora gígùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó dà á bò ó, ó mú un. Nígbà tó máa gbójú sókè, ọmọbìnrin kan ló rí tó dúró lórí àtẹ̀gùn, àpótí rẹ̀ ti là, aṣọ rẹ̀ ti fọ́n ká inú òjò, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ṣé ìwọ lo ni ẹranko yìí?" ni Adérito bi í.

"Wàràkàsì ni! Ìyá mi ló ní kí n gbé e fún ìyá onílé mi."

"Odò ló ń sá lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ní òun máa padà."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ sunkún tẹ́lẹ̀ o. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ni ìyá onílé tó ni wàràkàsì náà. Hermínia lorúkọ mi, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé ní Coimbra lókè níbí. Ẹ má bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ohun tí wọ́n sọ lórí àtẹ̀gùn. Àwọn méjèèjì ló rò ó fún mi, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ àti lápapọ̀, mo sì ti sọ ọ́ títí tó fi dà bíi pé ojú mi ló ṣe. Èyí tí wọn ò bá sọ, mo mọ̀ ọ́n. Ògiri ilé mi fẹ́lẹ́, etí mi ò sì tíì di.

Natércia lorúkọ ọmọbìnrin náà. Erékùṣù Pico ló ti wá, láàárín òkun lọ́hùn-ún, bàbá rẹ̀ ń pẹja, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ. Iṣẹ́ apòògùn ló wá kọ́. Adérito ní tirẹ̀, ọmọ abúlé kan lẹ́yìn òkè lápá àríwá ni, ó ti lo ọdún mẹ́ta nídìí ẹ̀kọ́ òfin, ó gùn gbọọrọ, ó sì lẹ́nu bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ó tú táì ọrùn rẹ̀, ó fi di àpótí tó là. Ó gbé kápà lé ọmọ náà léjìká nítorí òjò. Bí wọ́n ṣe kan ilẹ̀kùn mi nìyẹn, táì lára àpótí, wàràkàsì lábẹ́ apá, kápà sì ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ọmọ kúkúrú náà.

"Dona Hermínia, ẹ káàsán o. Mo kó ẹrù òkun wá fún yín."

"Adérito, o ti ń da àwọn ọmọ mi láàmú kí wọ́n tó wọlé?"

"Òun ló da mí láàmú, mà. Ó fẹ́ fi wàràkàsì pa mí."

Ó lọ láìgba kápà rẹ̀. Ó ní kó wà lọ́wọ́ Natércia, nítorí aṣọ erékùṣù tó wọ̀ fẹ́lẹ́ jù fún òtútù òkè yìí, òun á wá gbà á.

Ní ọjọ́ yẹn, bí a ṣe ń gé wàràkàsì jẹ nídìí ọbẹ̀ ewébẹ̀ gbígbóná, Natércia sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ kó wá rárá. Kí ìjà ilé tó parí, wọ́n ṣe àdéhùn kan: kó lọ lo ìparí ọ̀sẹ̀ kan péré ní Coimbra. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, kó pe bàbá lórí fóònù. Tó bá sọ pé òun ń dúró, tó sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú, bàbá ò ní wí nǹkan kan mọ́. Àmọ́ tí kò bá dá a lójú, kó máa bọ̀ nílé, àga rẹ̀ ń bẹ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀.

"Kí ni ìwọ fúnra ẹ fẹ́?" ni mo bi í.

"Mo fẹ́ dúró, mà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò mọ ẹnì kankan níbí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan."

Mo ní kó lọ sùn. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan ní ọjọ́ àkọ́kọ́?

Láàárọ̀ Sátidé, omi tó ń ṣàn nínú ilé ìdáná ló jí mi. Mo sáré bọ́ síbẹ̀. Natércia ti po ọṣẹ sínú bàsíà, ó gbé kápà dání, ó fẹ́ rì í bọ̀ ọ́.

"Dúró níbẹ̀! Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ bá a fọ̀ ọ́ ni, Dona Hermínia. Ẹrẹ̀ wà létí ẹ̀. Ó sì ń rùn díẹ̀, ẹ má bínú."

"Kó máa rùn lọ! Wọn kì í fọ kápà nílùú yìí. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fọ kápà, gbogbo ohun tójú ẹ̀ ti rí ló fọ̀ dànù yẹn. Da omi yẹn nù kíá!"

Ó bẹ̀ mí tó ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fi kápà kọ́ ẹ̀yìn àga, mo sì ń yin ara mi nínú pé mo ti gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ìtìjú. Áà, èmi Hermínia! Ewu kan ni mo rí, mi ò rí ìkejì.

Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tán tí Adérito fi dé, bàtà rẹ̀ ń dán, omi ṣì wà nírun rẹ̀. Ó ní òun ń kọjá lọ ni. Òdìkejì odò ni ilé rẹ̀ wà o, kò sì sí ibi téèyàn ń lọ láyé yìí tó máa gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá.

"Oníwàràkàsì, ṣé o ti jí? Wá, kí n fi ìlú hàn ẹ́ kó tó fi ara ẹ̀ hàn ẹ́."

Òjò ti dá. Oòrùn ràn sára àwọn ilé funfun, kùrukùru ṣì ń ká kúrò lójú odò Mondego díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gòkè lọ sí àgbàlá ilé ẹ̀kọ́, níbi tí gbogbo ìlú ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn, agogo ilé ìṣọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí wọn.

"Ewúrẹ́ là ń pè é," ni Adérito wí.

"Agogo? Kí ló dé?"

"Tóo bá gbọ́ bó ṣe ń ké mọ́ ẹ létí láàárọ̀ Mọ́ńdè, wàá fẹ́ fi se ọbẹ̀."

Ó mú un lọ wo ilé ìkàwé àtijọ́, níbi tí góòlù ti ń tàn lára pákó láti ilẹ̀ dé àjà. Ó sọ fún un pé adán ń gbé níbẹ̀, àwọn ló ń jẹ kòkòrò tó bá fẹ́ jẹ ìwé.

"Adán gan-an níṣẹ́ lọ́wọ́," ni Natércia wí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo níṣẹ́. Oníwàràkàsì kan ni mo ń ṣọ́."

"Ta ló gbà ẹ́ síṣẹ́?"

"Kò tíì sẹ́ni tó gbà mí. Mo ṣì ń fi ara mi hàn ni."

Wọ́n rìn gba abẹ́ igi ńláńlá inú ọgbà, wọ́n wo ilé gíláàsì tí wọ́n ti ń gbin òdòdó, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gòkè, títí ẹsẹ̀ fi ń ro Natércia. Wọ́n jẹ àkàrà ẹyin Tentúgal tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ṣúgà dà sí àgbọ̀n ọmọbìnrin náà, Adérito rí i, kò sì sọ fún un fún wákàtí kan gbáko, nítorí ó wù ú láti máa wò ó. Ọjọ́ náà ń lọ bí àlá téèyàn mọ̀ pé àlá ni, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun kí òun má bàa jí. Wọ́n gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n gbàgbé pé àná ni wọ́n pàdé.

Ní ìrọ̀lẹ́, lórí àga etí odò, ohùn Adérito wálẹ̀.

"Ìyá mi ń bọ̀ lọ́la. Dona Otília. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ìlú yìí. Ọdún méjì rèé. Ibí ni wọ́n ti pàdé. Kápà tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, ti bàbá mi ni."

Natércia rántí bàsíà ọṣẹ, àyà rẹ̀ já.

"Òun nìkan ló kù fún mi lára ẹ̀," ni Adérito wí. "Ìyá mi fẹ́ rí i lọ́rùn mi. Màá wá gbà á lọ́la lọ́sàn-án. Màá sì mú ìyá mi wá kó rí ẹ. Ṣé kò burú?"

"Kò burú," ni Natércia wí. Ọwọ́ wọn ti pàdé lórí àga, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó kọ́kọ́ lọ bá èkejì.

Natércia ò sùn dáadáa. Ohun tó ń rò ni pé: kí ni mo lè ṣe fún ẹni tó ṣoore báyìí fún mi? Mi ò lówó. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Lówùúrọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí mo lọ sí máàsì, ó gbé kápà sí itan. Ó rí ibi tó ya lẹ́yìn, láàárín gbùngbùn, láti etí ìsàlẹ̀ títí dé ọrùn. Ó ní, ó mà ṣe o, aṣọ bàbá ọmọkùnrin yìí ti ya báyìí, kò sì sẹ́ni tó bá a tún un ṣe. Ọmọ aránṣọ ni. Ó mú abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ ará ìlú yìí ti mọ̀. Àwọn ìyókù, ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí ẹ̀kọ́ níbí, ẹbí á ya kápà rẹ̀ lápá òsì, ọ̀rẹ́ á ya á lápá ọ̀tún. Ẹ̀yìn láàárín, ti olólùfẹ́ nìyẹn, òun nìkan ló ń ya á. Tí ìfẹ́ bá tán láàárín wọn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán ibẹ̀ pa. Dona Otília ló ya ti kápà yìí, nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún, ó fi eyín ya á lójú gbogbo èèyàn. Mo sọ ti ọṣẹ fún Natércia. Mi ò sọ ti abẹ́rẹ́. Ta ló máa rò pé ẹnì kan máa rán an?

Ó rán an dáadáa o. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín, ó le, o ò lè rí i àfi tóo bá fọwọ́ pa á.

Aago méjì ni wọ́n dé. Dona Otília kéré, ó wọ dúdú, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Natércia gbé kápà wá, ojú rẹ̀ ń dán, ó ti ká a dáadáa. Adérito gbé e kọ́ èjìká. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí obìnrin ṣe ń na ọwọ́ sí ibi tó ti máa ń na ọwọ́ sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọwọ́ náà wá ibi tó ya. Kò rí i.

Adérito fa ẹ̀yìn kápà wá síwájú, ó rí ojú abẹ́rẹ́.

"Ta ló rán an?" ni Adérito bi.

"Èmi ni," ni Natércia wí. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Mo fẹ́ fi dúpẹ́ ni."

"Dúpẹ́? Ìyá mi ló ya ibẹ̀! Ẹni tí ìfẹ́ ẹ̀ bá tán ló ń rán an! Bàbá mi ti kú, o wá lọ rán an pa fún wọn!"

Ẹ ò rí ojú ọmọ náà. Ó yíjú padà, ó gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá rẹ̀, a sì gbọ́ bí ó ṣe fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn.

Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni. Gbogbo ẹ̀bi náà, tèmi ni. Èmi ni mi ò kìlọ̀ fún un. Àti ìwọ, Adérito, ọjọ́ Sátidé odindi lo fi ń ṣàlàyé adán fún un, o ò ráyè sọ ìyẹn!"

Adérito jókòó, ó fi ọwọ́ gbá orí mú. Dona Otília gba kápà lára ọmọ rẹ̀, ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó ń fi ìka pa ojú abẹ́rẹ́ náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Ọwọ́ yìí dára," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Adérito, bàbá ẹ ò sọ fún ẹ rí. Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí a ṣègbéyàwó, a jà. Ìjà tó le ni. Ó gbé kápà yìí wá bá mi, ó ní, 'Tó bá jẹ́ pé ó ti tán, Otília, rán an.' Mo mú abẹ́rẹ́. Mo fi òwú sí i. Mo jókòó tì í láti àárọ̀ dé ọ̀sán, mi ò lè gún un lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó gbé kápà náà sápá, ó gun àtẹ̀gùn. Èmi náà tẹ̀lé e. Ilé mi ni.

Natércia ti di àpótí tán. Táì Adérito ló tún fi dì í.

"Ọmọ mi, ibo lò ń lọ?"

"Ilé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Aago márùn-ún ni mo máa pe bàbá mi. Mo máa sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Mo ba nǹkan jẹ́ fún yín lọ́jọ́ kẹta tí mo dé. Kí ni màá ṣe lọ́dún kan?"

"Jókòó." Dona Otília jókòó tì í lórí ibùsùn. "Láti ọdún méjì báyìí, gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé kí n gbàgbé, pé ó ti tán. Àlùfáà sọ ọ́. Àbúrò mi sọ ọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n gbọ́. Òní ni mo fọwọ́ kan ibẹ̀ tí mo bá a pé wọ́n ti rán an pa, inú sì bí mi! Inú bí mi gan-an! Ṣé o mọ ohun tí ìyẹn ń sọ fún mi?"

Natércia mi orí.

"Pé kò tíì tán. Mú ìdí ẹ̀ dání fún mi."

Natércia di ìsàlẹ̀ kápà mú. Dona Otília fi ọwọ́ fà á, kò ya. Ó tún fà á. Ó gbé e sẹ́nu, ó fi eyín gé òwú àkọ́kọ́.

"Ta ló kọ́ ẹ ní rírán báyìí? Eyín mi fẹ́ yọ!"

"Ìyá mi ni, mà."

"Kí ìyá ẹ fòye ṣe é o!"

Ló bá ya. Ó ya láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn, pẹ̀lú ariwo tó jẹ́ pé Adérito gbọ́ nísàlẹ̀, ó sì sáré gòkè. Ó bá ìyá rẹ̀ tó ń sunkún tó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀, òwú dúdú lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yan bàbá ẹ," ni Dona Otília wí. "Obìnrin mélòó ni Ọlọ́run fún láyè bẹ́ẹ̀? Ọmọ yìí ló fún mi. Wá bẹ̀ ẹ́."

Adérito kúnlẹ̀ níwájú àpótí. "Natércia, mo fi ẹnu mi ṣe ẹ́ léṣe. Jọ̀ọ́, má lọ. Tóo bá lọ, ta ni màá máa ṣọ́?"

"Lọ ṣọ́ adán," ni Natércia wí, ó ń nu ojú. Àmọ́ kò gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò nígbà tí ọmọkùnrin náà dì í mú.

Aago márùn-ún lù, Ewúrẹ́ ń ké lórí òkè. Fóònù mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo wa dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tójú tì láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

"Bàbá, èmi ni. Mò ń dúró."

A gbọ́ ohùn bàbá láti àárín òkun lọ́hùn-ún. "Ohùn ẹ ń gbọ̀n."

"Mo mọ̀, Bàbá. Síbẹ̀, mò ń dúró."

Bàbá ní, "Ó dáa. Ṣé ìyá onílé ẹ jẹ wàràkàsì yẹn?"

Ọdún méjì kọjá. Ní oṣù karùn-ún, nígbà tí òdòdó bo gbogbo ògiri, Adérito parí ẹ̀kọ́ òfin. A kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà Àtijọ́. Dona Otília ya apá òsì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ya apá ọ̀tún pẹ̀lú ariwo. Adérito bá yíjú, ó kọ ẹ̀yìn sí Natércia, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta kí ọwọ́ ọmọ kúkúrú náà lè dé ọrùn rẹ̀.

"Àyè kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi, Oníwàràkàsì."

"Rírán ni mo mọ̀, Adérito. Mi ò mọ yíya."

"Mo mọ̀. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo èèyàn."

Natércia dúró díẹ̀. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ jáde nínú àpò awọ kékeré rẹ̀, èyí tó ti erékùṣù gbé wá, ó sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Dona Otília.

"Màmá, ẹ bá mi tọ́jú eléyìí."

Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di kápà náà mú, ó tẹ eyín bọ̀ ọ́, ó sì ya á.

Ní oṣù kẹwàá, nígbà tó fẹ́ rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ nínú yàrá mi lókè, Dona Otília fẹ́ dá abẹ́rẹ́ náà padà fún un. Natércia ò gbà á. Òmíràn ló lọ rà.